Apá Odò Tí Ìyàwó Mi Kéde Pé Ó Ti Kú

Bí ẹ bá dé àdúgbò wa, tí ẹ fi orúkọ tí ìyàwó mi ń kọ sínú ìwé béèrè rẹ̀, ẹ óò rìn títí bàtà yín yóò fi jẹ. Ìyá Ẹlẹ́rẹ̀ ni kí ẹ wí. Àwọn ọmọdé àdúgbò ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ojoojúmọ́ ló ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ pẹ̀lú ẹrẹ̀ aláwọ̀ eérú ní abẹ́ èékánná. Orúkọ náà mọ́ ọn lára débi pé bí ó bá pè sórí fóònù ṣọ́ọ̀bù mi, òun fúnra rẹ̀ á ní, "Ẹ sọ fún télọ̀ pé Ìyá Ẹlẹ́rẹ̀ ni." Èmi ni télọ̀ náà. Ṣọ́ọ̀bù mi wà nísàlẹ̀ ilé tí à ń gbé, ẹ̀rọ ìránṣọ mi dojú kọ títì, kò sì sí ẹni tó ń kọjá tí n kì í bá wí nínú ara mi nípa bí wọ́n ṣe rán ọrùn aṣọ rẹ̀. Mo máa ń tètè bínú, mo sì máa ń tètè rẹ́rìn-ín. Ẹ fi èkejì dárí èkíní jì mí.

Ilé Ẹrẹ̀ ni wọ́n ń pe ibi iṣẹ́ rẹ̀. Gbọ̀ngàn gígùn kan ni, inú rẹ̀ tutù bí ibi tí wọ́n ń tọ́jú ẹja sí, páìpù oníke ló kún orí pẹpẹ irin láti ilẹ̀ dé àjà. Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun ló wà nínú àwọn páìpù wọ̀nyẹn. Ọkọ̀ ojú omi á ju irin oníhò kan tó wúwo sísàlẹ̀, irin náà á gún ilẹ̀ òkun, ohun tó bá wọ inú rẹ̀ ni wọ́n á fà sókè. Bí ó bá ti délẹ̀ lórí ọkọ̀, wọ́n á yọ páìpù oníke tó wà nínú rẹ̀ jáde, wọ́n á sì dé e ní tọ̀tún tòsì. Ìdérí pupa ń lọ sí orí, ìdérí dúdú ń lọ sí ìdí, kí ẹni tí yóò là á lọ́jọ́ iwájú lè mọ èyí tó wà lókè nínú òkun àti èyí tó wà nísàlẹ̀. Òfin àkọ́kọ́ tí wọ́n ń kọ́ òṣìṣẹ́ tuntun nìyẹn, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

Ohun tí ìyàwó mi ń kà nínú ẹrẹ̀ náà kò tètè yé mi. Ó ní ilẹ̀ tí à ń tẹ̀ yìí kò parí sí etí òkun. Ó ń bá ìrìn rẹ̀ lọ lábẹ́ omi, ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ọ̀dẹ̀dẹ̀, títí tó fi dé etí kan tó ti dà gẹ̀rẹ́ sínú ọ̀gbun. Àwọn odò ńlá ń kó yanrìn àti ẹrẹ̀ wá sínú òkun, ẹrù náà á máa jọ sí etí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, títí ọjọ́ tí yóò pọ̀ jù tí yóò sì ya. Omi ẹlẹ́rẹ̀ á wá rọ́ gìrì sísàlẹ̀ nínú òkùnkùn, á máa gbẹ́ ilẹ̀ bó ṣe ń lọ. Ibi tó bá gbà lónìí ni yóò tún gbà lọ́la. Bí odò ṣe ń wà lábẹ́ òkun nìyẹn, ó ní bèbè, ó sì ń ṣẹ́ kọ́lọkọ̀lọ bíi ti odò ojú ilẹ̀. Odò nínú omi. Ìgbà àkọ́kọ́ tó sọ ọ́ fún mi, a ṣì ń fẹ́ra wa sọ́nà, mo rò pé ó fẹ́ mọ̀ bóyá òmùgọ̀ ni mí.

Odò náà kì í sì í gbé ojú kan. Nígbà tí ìṣàn bá kún ju bèbè lọ, á da ẹrẹ̀ sórí bèbè, bèbè á máa ga sí i, ìsàlẹ̀ odò á máa kún sí i, títí bèbè yóò fi já níbì kan, tí omi ẹlẹ́rẹ̀ yóò fi ọ̀nà àtijọ́ sílẹ̀ tí yóò gba tuntun. Apá tó bá fi sílẹ̀ á kú. Yanrìn kò ní dé ibẹ̀ mọ́, àfi ẹrẹ̀ kíkúnná tó ń rọra balẹ̀ bí eruku ṣe ń balẹ̀ sórí àpótí. Nítorí náà, bí wọ́n bá la páìpù, tí ẹrẹ̀ kíkúnná nípọn lókè tí yanrìn sì wà nísàlẹ̀, odò ti fi ibẹ̀ sílẹ̀ tipẹ́. Bí yanrìn bá wà lókè, ìṣàn ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá níbẹ̀ ni, ó sì tún ń bọ̀.

Irú páìpù bẹ́ẹ̀ kan ló sọ ìyàwó mi di ẹni ńlá. Nígbà tó ṣì kéré lẹ́nu iṣẹ́, òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí Ilé Ẹrẹ̀ gbé gorí ọkọ̀ ojú omi. Ọ̀gá wọn nígbà náà, Bàbá Onírùngbọ̀n, kò fẹ́. Ó ní ọkọ̀ kì í ṣe ibi tí obìnrin ń lọ, pé bíbì ni wọn yóò máa bì káàkiri. Ìyàwó mi fi ẹ̀bẹ̀ àti àríyànjiyàn rọ̀ mọ́ ọn títí ó fi sú bàbá náà tó ní kó gorí ọkọ̀. Odò abẹ́ òkun tí wọ́n lọ wò yà sí apá méjì, ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn. Páìpù kan ṣoṣo ni wọ́n rí fà ní apá ìwọ̀-oòrùn kí ìjì tó lé wọn padà. Nígbà tí wọ́n là á, ẹrẹ̀ kíkúnná ló wà lókè, ó nípọn, yanrìn wà lábẹ́ rẹ̀. Gbogbo àgbà ibi iṣẹ́ ló sì ti gbà pé apá ìwọ̀-oòrùn ń ṣàn, nítorí ó jìn, ó sì mọ́ kedere lórí àwòrán. Ìyàwó mi dìde láàárín wọn. "Ojú ni ẹ̀yin wò," ó ní, "èmi wo inú. Apá yìí ti kú."

Ó jà fún ọ̀rọ̀ náà fún ọdún púpọ̀, ó sì borí. Wọ́n ń fi kọ́ ọmọ níléèwé gíga. Àwọn tó ti fi í ṣẹ̀sín ń bá a gbé báàgì. Kò sì rẹ ohùn sílẹ̀ rí, nílé tàbí níbi iṣẹ́. Bí mo bá rán ọrùn aṣọ tó wọ́, òun ni yóò kọ́kọ́ sọ ọ́, kò sì ní sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, àwọn oníwáyà dé. Wọ́n fẹ́ gbé wáyà ńlá kan gba ìsàlẹ̀ òkun wọ ìlú, èyí tí gbogbo ìpè fóònù àti íńtánẹ́ẹ̀tì wa yóò máa gbà. Apá ìwọ̀-oòrùn ni wọ́n yàn, nítorí ọ̀nà tó tẹ́jú ni láti inú ọ̀gbun wá sí èbúté, Ìyá Ẹlẹ́rẹ̀ sì ti ní ó ti kú, ta ni yóò bẹ̀rù òkú? Ní àsìkò yẹn kan náà, ipò ọ̀gá Ilé Ẹrẹ̀ ṣófo. Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé bí wọ́n bá ti fọwọ́ sí ìwé wáyà, òun ni wọn yóò gbé síbẹ̀. Ẹnì kan tó lè bá a du ipò náà ni Ọ̀gbẹ́ni Táì, ọkùnrin tí kì í bọ́ táì lọ́rùn kódà nínú ẹrẹ̀. Èèyàn dáadáa ni. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kan ṣoṣo lójú mi ni pé táì rẹ̀ kì í bá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mu.

Ìgbà náà ni wọ́n ra ẹ̀rọ tuntun kan sí Ilé Ẹrẹ̀, irú èyí tó ń ya àwòrán egungun nílé ìwòsàn, àmọ́ inú páìpù ni tiwọn ń yà. Wọ́n ní kí ìyàwó mi dán an wò. Fàájì ló fi ṣe. Ó ní kí wọ́n gbé páìpù apá ìwọ̀-oòrùn wá, kí àwọn òṣìṣẹ́ tuntun lè rí ọba àwọn páìpù lójúkojú.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ló wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Kò kí mi. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún, ó ń wo ilẹ̀. Mò ń rán bọ́tìnnì lọ́wọ́.

"Ta ló kú?" mo bi í.

"Kò sẹ́ni tó kú," ó ní. "Wàhálà ibẹ̀ gan-an nìyẹn. Páìpù yẹn, Bàbá, orí ló wà nísàlẹ̀."

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ, ó sì ṣàlàyé rẹ̀ fún mi bí ẹni ń ṣàlàyé fún ọmọ iléèwé. Bí ìṣàn ẹlẹ́rẹ̀ kan bá kọjá tó ń rọlẹ̀, hóró yanrìn ńlá ló ń kọ́kọ́ balẹ̀, nítorí ó wúwo, àwọn kéékèèké á tẹ̀ lé e. Nítorí náà, nínú ìpele yanrìn kọ̀ọ̀kan, ńlá gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀, kékeré lókè. Yanrìn páìpù yẹn kúnná jù, ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, kò sì sí ẹni tó tún ronú kan ìyẹn mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti là á. Ẹ̀rọ tuntun wá fi í hàn. Nínú gbogbo ìpele, láìyọ ọ̀kan sílẹ̀, ńlá ló wà lókè.

"Ṣé kì í ṣe ẹ̀rọ yẹn ló ń ya nǹkan dorí kodò?" mo wí. "Ohun tuntun ni, kò tíì mọ iṣẹ́."

"Mo so kọ́kọ́rọ́ ilé mọ́ orí rẹ̀, mo tún un yà. Orí náà ni kọ́kọ́rọ́ wà nínú àwòrán."

"Àwọn tó dé e lórí ọkọ̀ ńkọ́? Ta ni wọ́n?"

Ó gbójú sókè wò mí. "Èmi ni. Ọwọ́ mi ló fi ìdérí pupa sí ìdí. Mo tún fi lẹ́ẹ̀dì fa ọfà sí i lára pé òkè rèé. Ẹ rántí ìgbà tí mo lọ."

Mo rántí. Oyún àkọ́bí wa wà nínú rẹ̀ nígbà náà, kò tíì yọ, èmi nìkan ló mọ̀. Ó fi í pamọ́, nítorí bí Bàbá Onírùngbọ̀n bá gbọ́, èbúté ni yóò fi í sílẹ̀ sí. Ọjọ́ tí wọ́n fa páìpù yẹn sókè, okùn lọ́, irin náà ṣubú lulẹ̀ gbalaja lórí ọkọ̀, ẹrẹ̀ dà jáde ní tọ̀tún tòsì, orí àti ìdí wá jọra. Èébì gbé e. Ó sáré lọ sí etí ọkọ̀, ó bì, ó nu ẹnu, ó sáré padà kí wọ́n má baà fura, ó sì mú ìdérí.

"Kí ló wá túmọ̀ sí?" mo béèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti ń yé mi díẹ̀díẹ̀.

"Ó túmọ̀ sí pé yanrìn ló wà lókè. Ẹrẹ̀ kíkúnná ló wà lábẹ́. Apá yẹn kò kú, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni. Odò náà ń fi ìlà-oòrùn sílẹ̀, ó ń ṣí bọ̀ níbẹ̀. Ibi tí mo pè ní ibojì, yàrá ọmọ tuntun ni." Ó fi ọwọ́ pa ojú rẹ̀. "Àárín rẹ̀ gan-an ni wọ́n fẹ́ tẹ́ wáyà sí. Ìṣàn kan péré, á já a bí òwú."

Àkọ́bí wa náà, ọmọbìnrin tó ti di olùkọ́ báyìí, gbé tíì wọlé nígbà náà, ó sì ti gbọ́ ìdajì láti ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Ṣé èmi ni mo wá fa gbogbo èyí? Ẹ jẹ́ kí n lọ bẹ àwọn oníwáyà." Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò dé ojú.

Mo ní ọ̀rọ̀ náà rọrùn. Kó sọ òtítọ́ fún wọn, kó sì sọ ọ́ tán: pé òun lóyún, pé ara òun kò yá. Ta ni yóò bínú sí aboyún?

"Gbogbo wọn," ìyàwó mi dáhùn. "Àwọn ọmọbìnrin tí mo kọ́ níṣẹ́, tí wọ́n ń lọ sókun lónìí, ẹ rò pé ó wu gbogbo ènìyàn? Ọjọ́ tí mo bá sọ pé oyún ló ṣì mí lọ́wọ́, ọjọ́ náà ni wọn yóò máa béèrè lọ́wọ́ wọn ní èbúté bóyá wọ́n lóyún. Bí ọkùnrin bá ṣàṣìṣe, wọ́n á ní ó ṣàṣìṣe. Bí obìnrin bá ṣàṣìṣe, wọ́n á ní obìnrin ni."

"Ipò ọ̀gá á lọ nìyẹn."

"Á lọ."

"O mọ̀ pé á lọ, o sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi tí ò ń mu tíì?"

"Kí lẹ fẹ́ kí n máa mu?"

Inú bí mi débi pé mo fi abẹ́rẹ́ gún ara mi lọ́wọ́. Mo ní ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ó fi kọ́ orúkọ yìí, kò yẹ kí ìdérí ike méjì wó o. Mo ní bó bá jẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Táì ni, ó ti gbé páìpù yẹn padà sórí pẹpẹ, ó ti lọ sùn. Ó jẹ́ kí n bínú tán. Lẹ́yìn náà ló ní, "A kì í fi iná sórí òrùlé sùn, Bàbá. Irọ́ tí n kò mọ̀ pé irọ́ ni, mo lè gbé e. Èyí tí mo ti mọ̀ yìí wúwo ju mí lọ." Ó dìde, ó mu tíì tirẹ̀ tán, ó tún mu tèmi.

Ní ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ fọwọ́ sí ìwé wáyà, wọ́n pe àwa ẹbí wá sí gbọ̀ngàn ìpàdé, nítorí wọ́n rò pé ọjọ́ ayọ̀ ni. Èmi àti ọmọ wa jókòó ní ìlà kejì. Àwọn ìgbìmọ̀ tó ń yan ọ̀gá Ilé Ẹrẹ̀ wà lórí pèpéle, Ọ̀gbẹ́ni Táì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ọ̀gá àwọn oníwáyà, ọkùnrin kúkurú kan tí orí rẹ̀ pá, ti ṣí gègé ìkọ̀wé rẹ̀ sílẹ̀. Bàbá Onírùngbọ̀n náà wà níwájú pẹ̀lú ọ̀pá ìtilẹ̀. Ó ti fẹ̀yìn tì, àmọ́ kò sí ìpàdé tí wọ́n ṣe tí kò ní wá. Ó ti bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní òun ń fi ìyàwó mi yangàn.

Ìyàwó mi kò jẹ́ kí wọ́n kí ara wọn tán. Ó ti páìpù náà wọlé lórí kẹ̀kẹ́, ó gbé àwòrán rẹ̀ sókè, ó fi ìka tọ́ka ìpele yanrìn kọ̀ọ̀kan fún wọn, ńlá lókè, kékeré nísàlẹ̀. Ó ṣàlàyé rẹ̀ bó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, láìgbọ̀n, láìyára.

"Páìpù yìí dorí kodò," ó ní. "Èmi ni mo dé e, èmi ni mo fa ọfà sí i, èmi náà ni mo kà á ní òdì tí mo sì bá yín jà lé e lórí. Apá ìwọ̀-oòrùn kò kú. Ẹ má gbé wáyà gba ibẹ̀."

 Ara mi ń gbóná bí ẹni tí wọ́n bọ́ aṣọ lára rẹ̀ ní ọjà. Ọmọ wa di ọwọ́ mi mú.

Ọ̀gá oníwáyà fọwọ́ pa orí rẹ̀ tó pá. "Ìyá, ọkọ̀ wa ti wà ní èbúté, wáyà ti wà nínú rẹ̀. Ẹ ti sọ fún wa nígbà kan pé ó dá yín lójú. Báwo ló ṣe dá yín lójú tó lónìí?"

"Ìgbà yẹn, ẹ̀rí kan ṣoṣo ni mo ní, mo sì ń pariwo," ìyàwó mi dáhùn. "Lónìí, gbogbo ìpele inú rẹ̀ ló ń sọ ohun kan náà. Síbẹ̀, ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu mi. Ẹ fún mi ní ọkọ̀, kí n lọ fa òmíràn wá níṣojú ẹni tó bá wù yín."

Bàbá Onírùngbọ̀n ló dìde. Ó fi ọ̀pá gbé ara rẹ̀ sókè pẹ̀lú ìnira, gbogbo ènìyàn sì dúró dè é.

"Ọmọ mi," ó ní, "èmi ni mo darí ìrìnàjò yẹn. Mo rántí ọjọ́ náà dáadáa. Mo rí ọ ní etí ọkọ̀. Ó dà bíi pé ara rẹ kò yá."

Àkàbà ló gbé kalẹ̀ fún un, ká má purọ́. Ó kàn ní kó gbé ẹsẹ̀ lé e. Mo ń mi orí sí ìyàwó mi láti ìlà kejì pé kó gbà á, débi tí ọrùn fi ń dùn mí. Ó rí mi. Ó tún rí àwọn ọmọbìnrin tó kọ́ níṣẹ́, tí wọ́n tò sí ẹ̀yìn gbọ̀ngàn nínú aṣọ iṣẹ́.

"Ẹ ṣeun, sà," ó ní. "Ara mi yá tó láti mú ìdérí. Mo mú un ní òdì ni."

Bàbá náà fi ọ̀pá rẹ̀ kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. "Ó dáa," ó ní. "Ẹ fi orúkọ tèmi náà sí i. Èmi ni ọ̀gá, ó yẹ kí n yẹ̀ ẹ́ wò, n kò yẹ̀ ẹ́ wò." Ó sì jókòó.

Nígbà tí a jáde, mo fẹ́ tù ú nínú, mo ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ó ní, "Ẹ fi ẹwà sílẹ̀ ná. Ṣé wọ́n máa fún mi ní ọkọ̀?" Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ nìyẹn. Mo wò ó, mo sì rí i pé èmi nìkan ni mò ń ṣọ̀fọ̀.

Wọ́n fún un ní ọkọ̀. Ọ̀gá oníwáyà ló sanwó rẹ̀. Ó ní òun kò tíì pàdé ẹni tó dí òun lọ́wọ́ báyìí rí tí inú òun kò bí sí. Ìyàwó mi kó àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ àti ẹni tí àwọn oníwáyà yàn, wọ́n ṣí lọ. Ọkọ̀ àwọn oníwáyà jókòó sí èbúté pẹ̀lú wáyà nínú ikùn, ó ń retí wọn. Èmi náà jókòó sídìí ẹ̀rọ, mo ń rán aṣọ ẹni ẹlẹ́ni ní wíwọ́.

Ẹ̀rù bà mí, kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Bí wọ́n bá fà á tí ẹrẹ̀ kíkúnná wà lókè ńkọ́? Á jẹ́ pé ó ti fi ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ sílẹ̀, èkejì kò sì jẹ́ òótọ́. Ẹnu ayé á wá gbà á. Àwọn oníbàárà ń bi mí bóyá lóòótọ́ ni ìyàwó mi ti ń gbàgbé nǹkan. Ẹnì kan ní kí n fún un ní ẹ̀pà, pé ó dára fún ọpọlọ. Mo lé e jáde tòun ti ṣòkòtò tí n kò tíì ká lẹ́sẹ̀.

Ìgbìmọ̀ kò dúró dè é. Wọ́n jókòó nígbà tó wà lórí omi, wọ́n gbé Ọ̀gbẹ́ni Táì sípò ọ̀gá. Akọ̀wé Ilé Ẹrẹ̀ ló pè mí sọ ọ́, ó ní kí n fọwọ́ wọ́nú. Mo pa ẹ̀rọ ìránṣọ, mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀sán gangan, mo jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo ọdún tó fi ń wẹ ẹrẹ̀ kúrò lọ́wọ́ nínú balùwẹ̀ wa, gbogbo ìgbà tó fi ń jí lọ sínú òtútù yẹn, ó ń dùn mí bí ẹni pé ọwọ́ mi ni wọ́n ti gba ipò náà. Mo ń ro bí n óò ṣe sọ ọ́ fún un. Mo dá a rò ní jẹ́jẹ́, mo dá a rò pẹ̀lú àwàdà, mo tún dá a rò pẹ̀lú èébú fún gbogbo ìgbìmọ̀, èyí ló sì dùn mọ́ mi jù.

Fóònù dún ní ọjọ́ kejì. Afẹ́fẹ́ ń pariwo lẹ́yìn ohùn rẹ̀.

"Télọ̀, ṣé ẹ̀ ń gbọ́ mi?"

"Mo ń gbọ́." Mo fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀. "Ìyàwó mi, fara balẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ sọ fún ọ."

"Ti ipò ọ̀gá? Wọ́n ti fi rédíò sọ ọ́ fún mi láti àná. Ẹ bá mi kí Ọ̀gbẹ́ni Táì, ó mọ iṣẹ́, ẹ sì má ṣe bá a jà lójú títì. Ẹ gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ. A ti fà á sókè. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ló dé e, gbogbo wa ló yẹ̀ ẹ́ wò, ẹni àwọn oníwáyà náà fọwọ́ kàn án. Mo ti ki ìka mi bọ orí rẹ̀." Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, n kò gbọ́ kó gbọ̀n báyìí rí, kódà lọ́jọ́ tó bímọ. "Yanrìn ni, Bàbá. Yanrìn ni láti òkè, ó tutù, ó ń rún wọ̀wọ̀ lábẹ́ ìka mi, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibẹ̀. Wọ́n ti ní àwọn á gbé wáyà gba ọ̀nà mìíràn."

 Gbogbo èébú tí mo tò jọ fún ìgbìmọ̀ ti dà nù lẹ́nu mi. Inú mi dùn, ojú mi sì ń ṣomi, ẹ jẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ fi mí rẹ́rìn-ín rẹ́rìn-ín.

"Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ?" ó béèrè.

"Mo gbọ́."

"Kí ni mo sọ?"

"Yanrìn ni," mo ní.

"Ẹ tún un sọ."

Mo ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo bọ́ sí etí títì níbi tí fóònù ti ń gbọ́ràn dáadáa, mo sì tún un sọ fún un.